Iye ṣíìpù mẹ́mórì ti wọ́n gógó: kí ló yẹ kí ẹni tó ní ìpín Micron máa ṣọ́?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ní ìpín díẹ̀ nínú Micron, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ṣíìpù mẹ́mórì, èyí tí wọ́n ń fi MU pè lórí ọjà Nasdaq. Orí áàpù ni mo ti ń rà á díẹ̀díẹ̀. Iye ìpín náà ti gbéra gan-an, inú mi sì dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ kò bára mu. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní kí n rà kún un, pé tí a bá gbé iye ìpín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tí ilé iṣẹ́ yẹn ń jẹ, owó pọ́ọ́kú ṣì ni. Ẹlòmíì ní kí n tètè tà á, pé ọjà mẹ́mórì kì í dúró sójú kan.

Kí ló ń gbé iye mẹ́mórì sókè, kí ló ń já a wálẹ̀, kí sì ni kí ẹni bíi tèmi, tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, máa wò kó tó pinnu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èdè àwọn oníbáńkì dá mi lóhùn.

Inú Fáàbù

Ẹ ǹ lẹ́ o, Akọ̀wé. Nídìí ìtọ́jú ẹ̀rọ ni mo wà ní ilé iṣẹ́ ṣíìpù kan ní Amẹ́ríkà níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú apá ibi tí ọjà ti ń jáde.

Mẹ́mórì oríṣi méjì ni Micron ń tà. DRAM ni èyí tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tí iná bá ti lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. NAND ni èyí tó ń tọ́jú fọ́tò àti fáìlì yín kódà bí iná ò sí. DRAM ló ń mú ohun tó ju ìdá 70 nínú 100 owó Micron wọlé, òun ni kí ẹ gbájú mọ́. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló di ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà DRAM ayé mú: Samsung àti SK hynix ní Kòríà Gúúsù, àti Micron tó ti wà ní ìlú Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho, láti 1978. Wọ́n ti pọ̀ jù báyìí lọ rí. Qimonda ti Jámánì kógbá wọlé ní 2009. Elpida ti Japan wọ gbèsè tí kò lè san ní 2012, Micron sì rà á ní 2013. Ibẹ̀ ló ti jogún ilé iṣẹ́ Hiroshima. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́. Iye ọjà ló já kọjá ohun tí wọ́n lè fara dà.

Orí àwo sílíkọ́nì róbótó tí à ń pè ní wáfà ni a ti ń ṣe ṣíìpù. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣíìpù ló sì ń jáde lára ẹyọ kan. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ èèyàn kì í kan wáfà rárá. Àpótí tó ń gba wáfà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń rìn lórí irin lókè àjà. Á sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan, á gòkè padà, á tún gba orí ẹ̀rọ mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó parí. Tí oníbàárà bá pariwo lónìí pé òun ń wá ọjà kíákíá, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Wáfà tó wọlé lónìí, ó di oṣù mẹ́ta.

Ilé iṣẹ́ tuntun ló wá le jù. Micron bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ fún ilé tuntun rẹ̀ ní Boise ní 2022. Àárín 2027 ni wọ́n sọ pé wáfà àkọ́kọ́ yóò jáde níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kéde fún ìlú Clay ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 2022 kan náà, nǹkan bí 2030 ni wọ́n ń dárúkọ.

Ẹni tó bá gbé abúlé rí mọ bí gàrí ṣe máa ń ṣe. Lọ́dún tó bá wọ́n, gbogbo èèyàn á gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ kì í sì tó hú lóṣù kan. Ìgbà tó bá fi máa tó hú, ti gbogbo wọn á kó sójú ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, olóko ò sì ní rí owó lébìrà gbà padà. Bí ọjà DRAM ṣe ń yí nìyẹn láti bí ogójì ọdún. Ohun tó tún ń mú kó burú sí i ni pé ilé iṣẹ́ ṣíìpù kò ṣeé tì pa bẹ́ẹ̀ yẹn. Owó tó ti wọlé sórí ẹ̀rọ ti wọlé ná, yálà ẹ ṣiṣẹ́ tàbí ẹ ò ṣiṣẹ́. Nítorí náà bí iye tilẹ̀ ń já, wọn á ṣì máa ṣe é jáde, ìyẹn á sì tún tì í wálẹ̀ sí i. Nínú ìjákulẹ̀ tó kẹ́yìn, Oṣù Kẹrin 2023 ni Samsung tó gbà láti dín ọjà tó ń ṣe kù, nígbà tí àwọn yòókù ti ń dín in kù ṣáájú.

Inú Fáàbù

Mo gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ti ìsinsìnyí: HBM.

HBM náà DRAM ni, àmọ́ wọ́n to ṣíìpù mẹ́jọ tàbí méjìlá lérí ara wọn, wọ́n lu ihò tíntìntín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí iná lè máa gba inú wọn kọjá, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù ńlá bíi ti ilé iṣẹ́ Nvidia tí wọ́n fi ń ṣe AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá). Micron fúnra wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n tó rí ìwọ̀n mẹ́mórì kan náà lára HBM3E, ọ̀kan nínú ìran HBM, wáfà tí wọ́n máa lò tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n máa lò fún DDR5 lásán, ìyẹn RAM (DRAM inú kọ̀ǹpútà) ìran tuntun. Ẹ ro ìyẹn wò. Ilé iṣẹ́ kò dín kù, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, iná kò jó, síbẹ̀ RAM fún láptọ́ọ̀pù dín kù lójú ọjà nítorí pé HBM ti gba àyè orí wáfà. Ìdí tí ọ̀wọ́n yìí fi le tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Láptọ́ọ̀pù

Ẹ kú àlàyé, bọ̀dá wa. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo wà, láptọ́ọ̀pù àti RAM ni mò ń tà. Ohun tí ẹ sọ yìí, àwa ti ń jẹ ẹ́ níyà. Láti ìparí 2025, ẹni tó ń bá wa kó ọjà láti Dubai kì í jẹ́ kí iye dúró di ọjọ́ kejì mọ́. Tí mo bá ní kó dúró kí oníbàárà mi kọ́kọ́ sanwó, á ní bó bá di ọ̀la kí n tún béèrè iye tuntun. Kì í ṣe DDR5 nìkan o. DDR4 tí gbogbo wa rò pé ó ń kásẹ̀ nílẹ̀, òun náà gbówó lórí.

Mo tún rí ohun kan tó yẹ kí ẹ̀yin olówó ìpín mọ̀. Oníbàárà ti ń padà sẹ́yìn. Ẹni tó máa ń béèrè 16GB tẹ́lẹ̀, á ní kí n fún òun ní 8GB, òun á ṣe é mọ́ra. Àwọn tó máa ń fi RAM kún ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kàn béèrè iye, wọn á yí padà. Ṣé àmì kan ni ìyẹn jẹ́ fún Micron, àbí ti Ìkẹjà kò kàn wọ́n?

Inú Fáàbù

Àǹtí, ẹ ṣeun. Ti DDR4, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló kéde ní 2025 pé àwọn ń fi í sílẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ò gba ohun mìíràn wá sáré rà á pamọ́, débi pé láàárín ọdún yẹn iye DDR4 kọjá ti DDR5 lójú ọjà. Micron tiẹ̀ kéde ní Oṣù Kejìlá 2025 pé àwọn ń fi Crucial sílẹ̀, ìyẹn RAM àti SSD (ibi ìtọ́jú fáìlì) tí àwa aráàlú ń rà ní páálí, kí wọ́n lè kó ọjà náà fún àwọn oníbàárà ńlá. Mo fi ìyókù ìbéèrè yín sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ìṣirò.

Àkáǹtì Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́, mo sì ti ń tẹ̀ lé ti Micron bọ̀ tipẹ́. Mo ní ìpín nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí.

Kí n tó dá Àǹtí lóhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye tó wọlé. Ọdún ìṣirò Micron máa ń parí ní ìparí Oṣù Kẹjọ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án. Ní ọdún ìṣirò 2022, bílíọ̀nù 30.8 dọ́là ló wọlé. Ní 2023, ó já sí 15.5, wọ́n sì pàdánù bílíọ̀nù 5.8. Ní 2024 ó padà sí 25.1, ní 2025 ó di 37.4. Nínú oṣù mẹ́ta tó parí ní ìparí Oṣù Kọkànlá 2025 nìkan, bílíọ̀nù 13.6 ló wọlé, wọ́n sì ní àwọn ń retí bíi 18.7 fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta péré, owó tí wọ́n ń retí yẹn ju ti gbogbo ọdún ìṣirò 2023 lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, ẹ̀rọ wọn kò di ìlọ́po mẹ́rin. Iye tí wọ́n ń ta ọjà ló yí padà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ìwé ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní Oṣù Kẹta 2023. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gé bíi bílíọ̀nù 1.4 dọ́là kúrò lára iye ọjà tó wà nílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣíìpù tí wọ́n ti ṣe tán, tó wà nínú ilé ìpamọ́ wọn, iye tí wọ́n lè tà á ti kéré sí iye tí wọ́n fi ṣe é. Òfin ìṣirò kò gbà kí ẹ fi irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní iye àtijọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn nìkan, àdánù wọn lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là.

Àkẹ́gbẹ́ yín nínú alájẹṣẹ́kù tó ní ìpín náà ṣì jẹ́ owó pọ́ọ́kú, ìṣirò tó dára fún ilé iṣẹ́ ọṣẹ tàbí ti sìmẹ́ńtì ló ń ṣe. Fún mẹ́mórì, ó ń ṣì yín lọ́nà. Nígbà tí iye bá wà lókè téńté, èrè á pọ̀ gan-an, ìpín á sì dà bí ohun tí kò wọ́n. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́, kò tiẹ̀ ní sí èrè kankan tí ẹ máa fi ṣe ìṣirò ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní ìparí 2022, nígbà tí àdánù ń bọ̀ lọ́nà, ìpín kan wà ní bíi 50 dọ́là. Ní Oṣù Kẹfà 2024 ó kọjá 150. Ní Oṣù Kẹrin 2025 ó tún ti já sí ìsàlẹ̀ 70, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà ń jẹ èrè lọ́wọ́. Ojú iwájú ni ọjà ìpín máa ń wò, kì í wo èrè àná. Ẹni tó bá dúró kí èrè kọ́kọ́ hàn gbangba kó tó rà, àwọn tó rà ṣáájú ló máa ń tà fún un.

Àǹtí, ìbéèrè yín gan-an ló ṣe kókó. Iye tí ẹ ń gbọ́ ní Ìkẹjà, iye ojú ọjà ni. Micron kì í sábà tà báyẹn. Àdéhùn ni wọ́n ń bá àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, ti kọ̀ǹpútà àti ti dátà sẹ́ńtà (ilé tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà ńlá sí) ṣe, wọ́n sì máa ń jókòó dúnàá-dúrà iye rẹ̀ lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iye ojú ọjà ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí, ti àdéhùn á tẹ̀ lé e. Tí ọjà yín ní Ìkẹjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí ẹni tó ń kó ọjà wá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín pé kí ẹ wá gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún wa níbí.

Ti àwọn oníbàárà tó ń padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lókè. Ilé iṣẹ́ fóònù tó fẹ́ fi 12GB sínú fóònù tuntun lè dín in kù sí 8GB. Kò ní hàn lọ́jọ́ kan, àmọ́ tí ó bá pọ̀, á jẹ ìdí ọ̀wọ́n náà.

Ọmọ Yaba

Ẹ̀gbọ́n Àkáǹtì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo rò pé ẹ ń fi ojú àtijọ́ wo ọ̀rọ̀ tuntun. Tẹ́lẹ̀, fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń darí ọjà yìí. Báyìí, AI ni. Ní Oṣù Kẹwàá 2025, OpenAI, tó ni ChatGPT, bá Samsung àti SK hynix fọwọ́ sí ìwé pé àwọn lè nílò tó wáfà 900,000 lóṣù. Micron sọ ní Oṣù Kejìlá 2025 pé àwọn ti bá oníbàárà parí ọ̀rọ̀ lórí iye owó àti iye ọjà fún gbogbo HBM tí àwọn máa ṣe ní 2026. Sanjay Mehrotra, ọ̀gá wọn, tiẹ̀ sọ pé lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà pàtàkì kan, ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ń béèrè ni àwọn lè pèsè. Ọjà tí wọ́n ti tà kí wọ́n tó ṣe é, báwo ló ṣe fẹ́ já?

Àkáǹtì Peckham

Ọmọ Yaba, òótọ́ lo sọ, ohun tó o kó jọ sì dára. Mi ò ní ọjà máa já lọ́la. Àmọ́ yẹ ìwé náà wò dáadáa. Èyí tí OpenAI fọwọ́ sí, ìwé tó fi èrò wọn hàn ni, kì í ṣe ìwé ìrajà. Ọ̀tọ̀ ni kí n ní mo fẹ́ ra ilé, ọ̀tọ̀ ni kí n sanwó.

Àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn náà kì í ṣe ohun tuntun. Ní 2021, Micron sọ fún gbogbo ayé pé apá tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún àwọn wá láti inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn olùdókòòwò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìgbà ìjákulẹ̀ ti kọjá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, owó tó ń wọlé fún wọn ti já sí nǹkan bí ìdajì. Kí ló fà á? Iye ọjà tí oníbàárà máa gbà ni àdéhùn yẹn dè, kò de iye owó rẹ̀. Nígbà tí ọjà kún ilé ìpamọ́ àwọn oníbàárà, ta ló fẹ́ gbé ilé iṣẹ́ bíi Apple tàbí Dell lọ sílé ẹjọ́ pé kó wá gbé ẹrù rẹ̀? Ọdún tó ń bọ̀ wọ́n ṣì fẹ́ tà fún un.

Kí á tún rántí 2018. Àwọn tó ń kọ́ dátà sẹ́ńtà náà ni wọ́n tọ́ka sí nígbà yẹn pé wọn ò ní dẹ́kun rírà. Bílíọ̀nù 30.4 dọ́là wọlé fún Micron lọ́dún ìṣirò 2018. Ní 2019 ó já sí 23.4, nítorí àwọn oníbàárà yẹn jókòó ti èyí tí wọ́n ti rà pamọ́.

Èyí tí HBM fi sàn ni pé iye owó rẹ̀ wà nínú àdéhùn, fún odidi ọdún kan. Mo fún un níyẹn. Àmọ́ ọdún kan ni, kì í ṣe ọdún márùn-ún.

Inú Fáàbù

Mo fẹ́ fi kún ti HBM. Ẹni tó bá máa rà á ní láti dán an wò fún oṣù púpọ̀ kó tó gbà á, nítorí ẹ̀gbẹ́ ṣíìpù rẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìyẹn ń dáàbò bo ẹni tó ti wọlé. Samsung tóbi ju Micron lọ, síbẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí HBM3E rẹ̀ tó tẹ́ Nvidia lọ́rùn. Àmọ́ ó ní apá kejì: tí oníbàárà bá yí ọkàn padà, ẹ ò lè kó HBM tí ẹ ti tò tán lọ fún oníláptọ́ọ̀pù. Wáfà tí wọn ò tíì sọ di HBM nìkan ni wọ́n lè yí padà sí DDR5, tí wọ́n bá sì yí i padà, ẹ rántí ìlọ́po mẹ́ta tí mo sọ lókè. Ọjà tó máa ya bo DDR5 nígbà yẹn kò ní kéré.

Àǹtí Gbẹ̀sìn

Ẹ dákun, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan China. Ṣé wọn ò ní ṣe tiwọn kí wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú, bí wọ́n ṣe ṣe sólà?

Ọmọ Yaba

Wọ́n ti ń ṣe é, mà. CXMT ní Hefei ń ṣe DRAM, YMTC ní Wuhan ń ṣe NAND, 2016 ni wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Àwọn òfin tí Amẹ́ríkà gbé jáde láti Oṣù Kẹwàá 2022 ni kò jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ẹ̀rọ kan rà, nítorí náà HBM ṣì le fún wọn. Lórí DRAM lásán, ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe kékeré mọ́. Ìjọba China náà sì fòfin dè é ní Oṣù Karùn-ún 2023 pé àwọn ilé iṣẹ́ tó di ètò pàtàkì ìlú mú kò gbọdọ̀ ra ọjà Micron.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ gbogbo yín. Ó ti ń yé mi. Ibo ni kí n ti máa rí àwọn nǹkan yìí wò? Èwo ni kí n sì fi ṣáájú?

Àkáǹtì Peckham

Ọjà tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ní gbogbo ìgbà tí Micron bá gbé ìṣirò jáde, wọ́n máa ń sọ iye ọjọ́ tí ọjà inú ilé ìpamọ́ wọn lè gbé. Tí ó bá ń dín kù, ọwọ́ wọn ló lókè lórí iye. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìgbà méjì tẹ̀ léra, tí wọ́n sì ń sọ pé ohun tó ń bọ̀ dára ni àwọn ń torí rẹ̀ tọ́jú ọjà, ẹ dìde jókòó. Ibi tó ṣòro láti rí ni ọjà tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Nígbà ọ̀wọ́n, oníbàárà máa ń béèrè ju ohun tó nílò lọ, á béèrè lọ́dọ̀ Samsung, á tún béèrè ìkan náà lọ́dọ̀ Micron, kí ó lè rí díẹ̀ gbà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé mi ò gba gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní ìbéèrè ọjà gbọ́ pátá.

Ẹ tún wo owó tí àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ná sórí ilé àti ẹ̀rọ. Ti Micron fún ọdún ìṣirò 2026, bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n kéde ní Oṣù Kejìlá 2025. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń fi kún tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà tó máa jáde lọ́dún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa rò.

Inú Fáàbù

Fún iye owó, TrendForce, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọjà ní Taiwan, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ iye àdéhùn jáde, ẹ lè ka àkótán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìtàkùn wọn. Kòríà Gúúsù sì máa ń kéde ní ọjọ́ kìíní gbogbo oṣù iye ọjà tí wọ́n kó lọ sókè òkun lóṣù tó kọjá, ṣíìpù sì dá dúró nínú rẹ̀. Kí oṣù tó parí pàápàá, wọ́n máa ń gbé ti ọjọ́ mẹ́wàá àti ti ogúnjọ́ àkọ́kọ́ jáde. Ìròyìn tó tètè máa ń dé ni ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ìròyìn ìjàǹbá kó yín láyà sókè láti rà. Iná jó ilé iṣẹ́ SK hynix ní Wuxi ní 2013, ohun ìdọ̀tí wọ inú ọjà Kioxia, ilé iṣẹ́ NAND kan ní Japan, ní 2022, ilẹ̀ mì tìtì ní Taiwan ní Oṣù Kẹrin 2024. Irú rẹ̀ lè gbé iye sókè fún oṣù bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n kì í yí bí ọjà ṣe ń lọ padà.

Àǹtí Gbẹ̀sìn

Ẹ má gbàgbé apá tiwa nílé o. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìdá 30 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí èrè ìpín tí ilé iṣẹ́ bá pín. Fọ́ọ̀mù W-8BEN tí áàpù máa ń ní kí ẹ kún kò lè dín in kù fún wa, àmọ́ ẹ rí i pé ẹ kún un. Ohun tí Micron ń pín kéré, ìyẹn ò ní dùn yín jù. Náírà ni kí ẹ fiyè sí. Tí ẹ bá máa nílò owó yẹn fún owó ilé ìwé láàárín ọdún, kò yẹ kó wà nínú ìpín tó lè já sí ìdajì kí náírà tún wá yí sí yín.

Ìyá Láptọ́ọ̀pù

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Èmi ò lówó ìpín, ọjà mi ni ìpín mi, àmọ́ mo gbọ́ ohun tí Àkáǹtì ní kí n ṣe. Tí iye bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ìkẹjà, èmi ni màá kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ohun tí mo pinnu nìyí. Mi ò ní fi owó kún un ní iye yìí. Màá ta apá tó tó owó tí mo kọ́kọ́ fi sí i, ìyókù á dúró. Màá máa wo ìròyìn Kòríà lóṣooṣù, màá sì wo iye ọjọ́ ọjà tó wà nílẹ̀ nígbàkígbà tí Micron bá sọ̀rọ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sí nínú rẹ̀, Àǹtí Gbẹ̀sìn. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa sọ̀rọ̀?

Àkáǹtì Peckham

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń gbé ìṣirò jáde: Oṣù Kẹta, Oṣù Kẹfà, Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kejìlá. Ọdún ìṣirò wọn ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣáájú àwọn ará Kòríà. Samsung á fi iye ìfojúbù tirẹ̀ síta ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e, SK hynix á tẹ̀ lé wọn kí oṣù náà tó parí. Tí ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra, ẹ gbà á. Tí ti Micron bá yàtọ̀ sí ti àwọn méjì yòókù, ẹ padà síbí kí á jọ ka ìwé náà.